Sẹ́mínà lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: kí lèmi tí mo ka economics fẹ́ sọ níbẹ̀?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ lónìí wá látọ̀dọ̀ àbúrò wa obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ másítáàsì nínú ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà. Ẹ jẹ́ kí n gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Economics ni mo kà tẹ́lẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ la máa ń ṣe sẹ́mínà lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìtàn ẹ̀, òṣèlú ẹ̀ àti àṣà ẹ̀. Wọ́n á ti fi pépà ránṣẹ́ ṣáájú, a máa kà á, a máa wá jókòó fún wákàtí méjì ká máa fa ọ̀rọ̀ lé e lórí. Lọ́sẹ̀ kan ìwé Lárúbáwá àtijọ́ ni, lọ́sẹ̀ kejì ìdìtẹ̀gbàjọba, lọ́sẹ̀ kẹta fíìmù. Mi ò rí ohun tó so wọ́n pọ̀. Mi ò tíì la ẹnu mi rí níbẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé kí n ṣe tèmi lórí ilẹ̀ ọba Málì. Ṣé kò ní sàn kí n kàn máa ka ìwé fúnra mi ni?"

Àbúrò mi, kú iṣẹ́ náà o. Jẹ́ kí n ti ibi tó ká ẹ lára jù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ohun tó so ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: báwo lo ṣe mọ̀? Ẹni tó mú ìwé Lárúbáwá wá, ohun tí wọ́n ń bi í nìyẹn, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àwọn ológun tó gbàjọba, ohun kan náà ni wọ́n máa bi í, ẹni tó gbé fíìmù wá náà ò lè bọ́ nínú ẹ̀. Padà lọ ka àwọn pépà tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ẹ, wàá rí i pé gbogbo awuyewuye yẹn, orí ẹ̀rí ló wà, ta ló kọ ọ́, ìgbà wo ló kọ ọ́, ta ló fẹ́ kó kà á, kí ló ń wá. Ìdí tí wọ́n sì fi kó òpìtàn, onímọ̀ òṣèlú àti àwọn tó ń kọ́ nípa àṣà sínú yàrá kan náà ni pé ohun tí ọ̀kan nínú wọn gbé ka orí tábìlì pé ẹ̀rí nìyí, èkejì á ní dúró ná, mi ò gbà á bẹ́ẹ̀ yẹn, ó sì máa ń ní ìdí tó gúnmọ́.

Jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ Thiaroye wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti hàn kedere jù lójú tèmi. Thiaroye ò jìnnà sí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ní December 1, 1944, àwọn ológun Faransé yìnbọn pa àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tó jà fún Faransé kan náà yẹn nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tí Jámánì ti mú lẹ́rú ogun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Yúróòpù. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò ju pé wọ́n ń béèrè owó wọn tí ìjọba jẹ wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ó ṣẹlẹ̀. Iye èèyàn tó kú gan-an ni àríyànjiyàn wà lé lórí. Ìwé ìjọba kan sọ pé 35 ni, òmíì sọ pé 70, àwọn òpìtàn kan sì wà tí wọ́n jókòó ti ìwé iye èèyàn tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá àti iye tó ṣẹ́kù lẹ́yìn náà, tí wọ́n ní àwọn tó kú á tó 300, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wá fojú inú wò ó bí wọ́n ṣe máa jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí ní sẹ́mínà. Òpìtàn á kọ́kọ́ kó ìwé ákáífù, ìyẹn ìwé ìjọba àtijọ́ tí wọ́n tọ́jú pa mọ́, jáde, á ní ẹ wò ó, ìròyìn kan náà, nọ́ńbà méjì. Onímọ̀ òṣèlú á ní ta ló fọwọ́ sí èyí tó sọ 35, ta ló sì fọwọ́ sí ìkejì, ta ló máa jẹ̀bi tí nọ́ńbà yẹn bá lọ sókè? Ẹni tó ń kọ́ nípa àṣà á wá mú fíìmù wá, Camp de Thiaroye, tí Ousmane Sembène àti Thierno Faty Sow ṣe lọ́dún 1988. Sembène fúnra ẹ̀ ṣe sójà Faransé nígbà ogun yẹn o. Òpìtàn á ní rárá, fíìmù 1988 ò lè jẹ́rìí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1944, àwọn òṣèré ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́. Onítọ̀hún á ní òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ̀rí ni lórí nǹkan míì, ẹ̀rí ni pé lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé, àwọn èèyàn Dakar ò tíì gbàgbé, nígbà tó jẹ́ pé ìjọba Faransé ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni dárúkọ ẹ̀. Ibẹ̀ ni onímọ̀ òṣèlú á tún ti dá sí i pé ní November 2024, nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́rin ọdún, Ààrẹ Macron ti Faransé kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Bassirou Diomaye Faye ti Sẹ̀nẹ̀gà pé ìpakúpa ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ló dé tó jẹ́ ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́, nígbà tí Sẹ̀nẹ̀gà ń sọ pé àwọn ò fẹ́ ibùdó ọmọ ogun Faransé lórí ilẹ̀ àwọn mọ́?

Ìwọ wá ń sọ pé o ò ní nǹkan sọ. Àbúrò, owó ni wọ́n ń béèrè! Èló? Báwo ni wọ́n ṣe ṣírò owó oṣù ẹni tó wà lẹ́wọ̀n fún ọdún mẹ́rin? Owó Faransé tó wà lápò wọn, iye wo ni wọ́n fẹ́ fi pààrọ̀ ẹ̀ fún wọn ní Dakar? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í sábà wá sọ́kàn ẹni tó ń wo fíìmù, òpìtàn pàápàá lè fò ó. Ọmọ economics ló yẹ kó béèrè ẹ̀, tó bá sì béèrè ẹ̀, gbogbo yàrá máa dákẹ́ gbọ́ ọ ni, torí ó kan ìdí tí wọ́n fi kú.

Ìkejì tí mo fẹ́ kó o máa ṣọ́ ni orúkọ agbègbè náà fúnra ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lórí máàpù bí odò ṣe wà, pé ká ṣáà ka àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀ ká máa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn ló pààlà ẹ̀, wọ́n sì ń yí i. Wo ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. May 28, 1975 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Èkó, orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Cape Verde wá dara pọ̀ lẹ́yìn náà. Mauritania jáde lọ́dún 2000. Ní January 29, 2025, Málì, Burkina Faso àti Niger náà jáde pátápátá, ó wá ku méjìlá. Ṣé Timbuktu tó wà ní Málì ti kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìyẹn? Kò sóhun tó jọ ọ́. Àmọ́ tí ẹnì kan bá gbé pépà wá tó sọ pé "ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn èèyàn fẹ́ràn ìjọba alágbádá", ẹ̀tọ́ ẹ ni láti béèrè pé èwo nínú ẹ̀, orílẹ̀-èdè mélòó lo lọ, ṣé Niger wà nínú ẹ̀ àbí kò sí? Bó o ṣe ń wo Chad àti Cameroon náà nìyẹn. Ìwé òṣèlú á kó wọn sí Àárín Áfíríkà, àmọ́ ẹni tó ń kọ ìtàn Kánẹ́ẹ̀mù-Bọ̀nú ò lè fi Chad sílẹ̀, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ọba yẹn ti ṣẹ̀. Ìtàn kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ààlà òde òní.

Ìpààlà yìí kan ibi tí ẹ̀rí máa wà gan-an. Burkina Faso, tí wọ́n ń pè ní Upper Volta nígbà yẹn, Faransé tú u ká lọ́dún 1932, wọ́n pín in fún Côte d'Ivoire, Niger àti Sudan ilẹ̀ Faransé, ìyẹn Málì òní. Ọdún 1947 ni wọ́n tó dá a padà. Ó túmọ̀ sí pé láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, kò síbi tó ń jẹ́ Upper Volta nínú ìwé ìjọba rárá. Ẹni tó bá ń wá bí wọ́n ṣe gba owó orí lọ́wọ́ àwọn Mossi, ẹ̀yà tó pọ̀ jù níbẹ̀, ní 1938, tó bá lọ ń wá fáìlì tí wọ́n kọ "Upper Volta" sí lára, á padà wálé lọ́wọ́ òfo, á wá lọ kọ ọ́ pé ẹ̀rí ò sí. Ẹ̀rí wà. Abẹ́ Côte d'Ivoire ni èyí tó pọ̀ jù wà. Irú nǹkan báyìí ni àgbàlagbà kan tó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá sẹ́mínà máa ń sọ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, tó sì máa gba ọmọ kan lọ́wọ́ ọdún kan tí ì bá fi ṣòfò. Nítorí ẹ̀ ni mi ò fi ní sọ fún ẹ pé kó o lọ máa dá ka ìwé nílé.

O lè ní ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí yìí fi ká yín lára tó bẹ́ẹ̀? Ó yẹ kó ká gbogbo wa lára. Ọ̀nà sẹ́mínà yìí fúnra ẹ̀, Jámánì ló ti wá, òpìtàn kan, Leopold von Ranke, máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ jọ sílé ní Berlin láyé ọdún 1830 sí òkè, wọ́n á gbé ìwé àtijọ́ síwájú, wọ́n á máa tú u wò. Àmọ́ nígbà tó kan Áfíríkà, àwọn kan ní kò sóhun tá a fẹ́ tú wò. Lọ́dún 1963, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Oxford, dúró sọ ọ́ fún gbogbo ayé gbọ́ pé ìtàn àwọn Òyìnbó ní Áfíríkà nìkan ló wà, pé ìyókù òkùnkùn ni. 1963 o! Ìwé Kenneth Dike, òpìtàn ọmọ Nàìjíríà, lórí òwò àti òṣèlú ní Niger Delta ti wà níta láti 1956. Dike ti ka ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní London, ó sì tún ti lọ sí Delta lọ gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ni ilẹ̀. Ọdún 1956 yẹn náà ni Saburi Biobaku bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí lórí ìtàn Yorùbá, tó kó onímọ̀ ìtàn, onímọ̀ èdè àti àwọn míì jọ. Àwọn èèyàn yìí ò dá Oxford lóhùn pẹ̀lú èébú. Wọ́n kó ẹ̀rí jọ, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n ní ẹ bi wá bí a ṣe mọ̀. Ohun tá a jogún nìyẹn, mi ò sì fẹ́ ká fi ṣeré.

Má wá rò pé àwọn fúnra wọn fẹnu kò lórí ohun gbogbo. Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti máa fi kọ́ àwọn ọmọ ni ti Ajayi àti Ekeh, àwọn méjèèjì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. J.F. Ade Ajayi, òpìtàn, ní ìjọba amúnisìn kàn jẹ́ ìpín kékeré kan ni nínú ìtàn Áfíríkà tó gùn rẹpẹtẹ, pé tó o bá wo ẹgbẹ̀rún ọdún, ọgọ́ta ọdún kì í ṣe nǹkan, àwọn ọba, èdè, ẹ̀sìn, ìlànà ilẹ̀, púpọ̀ nínú wọn la ìgbà yẹn já. Peter Ekeh tó jẹ́ onímọ̀ òṣèlú wá dìde nínú inaugural lecture tiẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun máa ń sọ níwájú gbogbo yunifásítì, ní 1980, ó ní rárá o, ká má wo iye ọdún, ká wo ohun tó bà jẹ́ àti ohun tó dá sílẹ̀, ó ní sáà tuntun gbáà ni ìjọba amúnisìn jẹ́, torí ó dá irú ìgbésí ayé ìlú kan sílẹ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀. Tó o bá ronú sí i, wàá rí i pé kì í ṣe pé ọ̀kan mọ̀wé ju èkejì lọ. Ohun tí òpìtàn ń wò ni ohun tó ń bá a lọ láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún, ohun tí onímọ̀ òṣèlú ń wò ni ìjọba tó wà lójú ẹ̀ lónìí tí àwọn èèyàn ń jà lólè láìjẹ́ kí ojú tì wọ́n. Ibi tí kálukú dúró sí ló sọ ohun tó rí. Èmi o, Ekeh ni mo máa gbè lẹ́yìn tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba, Ajayi ni tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti èdè. Ìwọ náà máa yan tìẹ.

Ó yá, ká wá sórí tìẹ, Málì. Ohun àkọ́kọ́, má ṣe "ilẹ̀ ọba Málì". Ó ti fẹ̀ jù, wàá lo ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fún ẹ tán lórí orúkọ ọba àti ọdún, kò sì ní sí ẹni tó máa rí ibi tó ti máa bi ẹ́ ní ohunkóhun, alága á kàn ní o ṣeun, wọ́n á pàtẹ́wọ́, o ò ní jèrè nǹkan kan. Mú nǹkan kékeré kan tí ọwọ́ ẹ ká. Èmi ì bá jẹ́ ìwọ, wúrà Mansa Musa, ọba Málì, ni màá mú.

Gbogbo èèyàn ló mọ ìtàn náà, pé lọ́dún 1324 ó ń lọ sí Mẹ́kà, ó gba Káírò kọjá, ó ná wúrà títí tí ọrọ̀ ajé Íjíbítì fi dẹnu kọlẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì kún fún un, wọ́n tiẹ̀ ń fi iye dọ́là sí i pé òun ló lówó jù lọ látìgbà táyé ti dáyé. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ìwé tí ọ̀rọ̀ ìdiyelé wúrà yẹn ti jáde ni ti al-Umari, òǹkọ̀wé Lárúbáwá kan ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Al-Umari ò sí níbẹ̀ nígbà tí Mansa Musa kọjá, ó dé Káírò lẹ́yìn náà, ó wá gbọ́ lẹ́nu àwọn tó rí i. Ohun tó kọ ni pé ṣáájú ọdún yẹn, mithqal wúrà kan (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn wúrà nìyẹn) kì í wá sílẹ̀ ju dirham 25 lọ, pé látìgbà náà kò gun òkè ju 22 lọ, ó sì máa ń wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, pé bó ṣe wà nìyẹn fún bí ọdún méjìlá.

Ìwọ ọmọ economics, ṣírò ẹ̀. Láti 25 sí 22, ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ká tiẹ̀ ní ó wálẹ̀ ju 22 lọ díẹ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́, oníwúrà máa pariwo, àmọ́ ṣé ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀ ló jọ yẹn? Tún wò ó o: dirham yẹn, fàdákà ni. Iye wúrà sí fàdákà ni al-Umari ń sọ. Tí iye yẹn bá yí, ó lè jẹ́ wúrà ló pọ̀ sí i, ó sì lè jẹ́ fàdákà ló wọ́n. Èwo ni? Ṣé ẹnì kan ti yẹ iye fàdákà tó ń wọ Káírò nígbà yẹn wò? Iye oúnjẹ ńkọ́, ṣé ó lọ sókè? Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé tó o bá gbé ibi kékeré yìí nínú ìwé al-Umari ka orí tábìlì, nínú ojú ìwé kan ṣoṣo tó o pín fún gbogbo wọn, tó o wá bi wọ́n ní ìbéèrè yìí, àwọn tó ti fi gbogbo ayé wọn kọ́ nípa Málì máa gbé bírò. Kò pọn dandan kó o gbọ́ Lárúbáwá kó o tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì kan, Levtzion àti Hopkins, ti kó àwọn ìwé Lárúbáwá àtijọ́ tó mẹ́nu ba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1981, Corpus ni gbogbo èèyàn ń pè é, láíbìrì yín máa ní in. Ṣáà sọ fún wọn pé ìtumọ̀ lo lò, kí ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá níbẹ̀ lè ràn ẹ́ lọ́wọ́.

Ṣọ́ra fún ìwé kan o, torí wọ́n máa dárúkọ ẹ̀ fún ẹ: Tarikh al-fattash, ìwé ìtàn Lárúbáwá kan lórí Songhay, ilẹ̀ ọba tó gbajúmọ̀ lẹ́yìn Málì. Ọdún 1913 ni Houdas àti Delafosse tẹ̀ ẹ́ jáde ní Paris, àwọn èèyàn sì ń lò ó bí ìwé ayé àwọn Askia, ìyẹn àwọn ọba Songhay, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ẹ̀, nígbà tí Askia Muhammad lọ sí hájì, wọ́n ní wọ́n sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún un pé kálífà kan ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ tí orúkọ ẹ̀ máa jẹ́ Ahmad. Ọ̀rọ̀ yìí bá Ahmad Lobbo lára mu wẹ́kú, ẹni tó dá ìjọba Hamdallahi sílẹ̀ ní Masina, ní Málì òní, láyé ọdún 1818, ìgbà tó jẹ́ pé Askia ti kú láti nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Lọ́dún 1971 Levtzion ti fi hàn pé ọwọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà nínú ọ̀kan lára àwọn ìwé àfọwọ́kọ náà, Mauro Nobili àti Shahid Mathee wá fi hàn ní 2015 pé ìwé méjì ni wọ́n pa pọ̀ mọ́ra wọn, ọ̀kan láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, èkejì jẹ́ ti Nuh ibn al-Tahir, ọ̀mọ̀wé kan láàfin Ahmad Lobbo. Ìwé ìtàn ni wọ́n pè é, iṣẹ́ òṣèlú ló ń ṣe. Ṣé ká wá kó o dànù? Ká má rí i! Ẹni tó ń kọ ìtàn Hamdallahi ti rí ohun tó dáa jù tó lè rí nípa bí ìjọba yẹn ṣe fẹ́ kí ayé máa wo òun. Ẹni tó ń kọ ìtàn Songhay ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nígbà tó bá ń lò ó.

Ohun kan náà ni mo máa sọ fún ẹ nípa Kurukan Fuga, òfin tí wọ́n ní ilẹ̀ ọba Málì fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹnì kan máa bi ẹ́. Wọ́n ní lẹ́yìn tí Sundiata, ọba tó dá Málì sílẹ̀, ṣẹ́gun ní Kirina, ní nǹkan bí 1236, ó pe àpéjọ, wọ́n ṣòfin. UNESCO kọ ọ́ sínú àkójọ àjogúnbá wọn lọ́dún 2009. Ìwé òfin alábala 44 tí àwọn èèyàn ń kà kiri yẹn, Kankan ní Gínì ni wọ́n ti tò ó pọ̀ lọ́dún 1998, níbi ìpàdé kan tí àwọn jèlí, àwọn tó jẹ́ arọ́kin ilẹ̀ Mande, ti wí ohun tí kálukú mọ̀. Tí ẹnì kan bá wá ní ìwé 1236 nìyẹn, ó ti parọ́ láìmọ̀. Tí ẹlòmíì bá sì ní iṣẹ́ 1998 lásán ni, pé kò ní ìtàn kankan nínú, òun náà ti yájú, torí àwọn jèlí ò bẹ̀rẹ̀ sí í wí i ní 1998. Ìwọ sọ ọdún méjèèjì jáde, kó o sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́rìí sí. Àwa Yorùbá gan-an ló yẹ kí èyí tètè yé. A mọ̀ pé arọ́kin kì í purọ́ lásán, a sì mọ̀ pé iwájú ọba ló ti ń wí i.

Ní ti ẹ̀rù tó ń bà ẹ́ láti sọ̀rọ̀. Mo mọ ibi tó ti wá, wọn ò tọ́ wa dàgbà pé ká máa bá àgbà jiyàn lójú agbo. Àmọ́ o ò ní bá a jiyàn, ìwé tó gbé wá lo máa bá jiyàn. "Prof, ẹ jọ̀ọ́, ojú ìwé keje, níbi tẹ́ ẹ ti sọ pé owó orí ló fa rògbòdìyàn náà, ibo lẹ ti rí i?" Kò sí àrífín nínú ẹ̀. O ti sọ ojú ìwé, o ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, o wá béèrè. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ inú ẹ̀ máa dùn. Tí inú ẹ̀ bá bàjẹ́, alága ló yẹ kó gbè ẹ́, alága tí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ ò mọ ohun tó wá ṣe. Àwọn tí mo kórìíra ìwà wọn jù ní sẹ́mínà ni àwọn tó máa gbé máíìkì tí wọ́n á ní "kì í ṣe ìbéèrè, àfikún ni", tí wọ́n á wá lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ lórí ìwé tiwọn. Ìwọ má fara wé wọn. Gbólóhùn méjì ti tó.

Ka pépà náà lẹ́ẹ̀mejì kó o tó lọ. Kíkà àkọ́kọ́, ṣáà máa bá a lọ láìdúró, kó o lè mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ìkejì, fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó jẹ́ pé tí wọn ò bá jóòótọ́, pépà náà wó. Lọ wo fúútnóòtì, ìyẹn àlàyé ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé, ti àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn nìkan. Nígbà míì wàá rí i pé ìwé kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ẹ̀ dúró, pé oníwèé yẹn náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ni, ìbéèrè ẹ ti délẹ̀ nìyẹn. Ó máa ń gba àkókò, mi ò ní purọ́ fún ẹ, àmọ́ ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Tí wọ́n bá wá ní kó o jẹ́ discussant fún ẹlòmíì, ìyẹn ẹni tó máa kọ́kọ́ fèsì sí pépà ẹ̀, kọ́kọ́ sọ ohun tó ń sọ jáde lọ́nà tí òun fúnra ẹ̀ á fi ní "bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo ní lọ́kàn gan-an nìyẹn". Ọ̀pọ̀ ìjà tí mo ti rí níbẹ̀, àìgbọ́ra-ẹni-yé ni kì í ṣe àríyànjiyàn. Lẹ́yìn náà mú nǹkan ńlá kan, kan péré, kó o bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣìkọ àti ọdún tó ṣì kọ, kọ wọ́n sórí bébà fún un lẹ́yìn ìpàdé, má fi wọ́n jẹ àkókò àwọn èèyàn.

Lọ́jọ́ tìẹ, ní ẹnì kan tó máa bá ẹ kọ ìbéèrè tí wọ́n bá bi ẹ́ sílẹ̀, torí ẹni tó ń dáhùn kì í rántí ìdajì ẹ̀. Ìbéèrè tí o ò lè dáhùn, sọ pé o máa lọ wò ó, kó o sì lọ wò ó lóòótọ́, kó o fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí onítọ̀hún láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Tó o bá ti kọ ojú ìwé àkọ́kọ́ lórí wúrà Mansa Musa, fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó fi sí wọn, màá kà á, ibi tí mo bá ti bi ẹ́ pé báwo lo ṣe mọ̀, ibẹ̀ ni kó o tún ṣe.